Mẹ́gáàdì ilé onífúláàtì mẹ́jọ: iṣẹ́ ta ló fẹ́ wá ṣe?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Parákin, Ilé-Ifẹ̀, ni mò ń bójú tó. Fúláàtì mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Olùkọ́ Yunifásítì méjì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́ báńkì kan tó ti Èkó wá, àti ìdílé méjì láti Iléṣà ló ń gbé inú rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti jí bátìrì mọ́tò kan lóru ni ará báńkì yẹn ti ní àfi ká gba mẹ́gáàdì. Àwọn ará Iléṣà ní àwọn ò ní dá kọ́bọ̀, pé ta ni yóò máa bi àwọn léèrè ibi tí àwọn ti ń bọ̀. Àbúrò mi tó wà ní New York wá ní ká rán yunifọ́ọ̀mù fún un, kó máa gba ẹrù fáwọn èèyàn, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe níbi tóun ń gbé nìyẹn. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Èló ni kí n san, ta ni yóò dá owó náà, báwo ni mo sì ṣe lè rí ẹni gidi?" — Ìyá onílé, Parákin.

Ẹ kú làálàá ilé, mà. Orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń pè nínú lẹ́tà yín, àmọ́ èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn. Ọlọ́dẹ ni ará báńkì ń wá, ẹni tí kò ní sùn lóru. Oníbodè ni àwọn ará Iléṣà ń sá fún, ẹni tí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà tí yóò máa wádìí ẹni tó ń wọlé. Àbúrò yín ní tirẹ̀, ẹni tó ń jíṣẹ́ fún gbogbo ilé ló rí ní New York. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Owó oṣù ẹnì kan lẹ fẹ́ san, ẹ ò sì lè fi gba iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nílé ayálégbé. Wọ́n á gba ọkùnrin kan pé kó máa ṣọ́ òru. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, á ti máa fọ mọ́tò láàárọ̀, á máa pọnmi lọ́sàn-án, á máa lọ ra búrẹ́dì nírọ̀lẹ́. Bó bá wá tòògbé ní aago méjì òru, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ wádìí nǹkan kan: lóru ọjọ́ tí wọ́n jí bátìrì yẹn, ṣé géètì wà ní títì? Nínú ilé onífúláàtì mẹ́jọ, ẹni tó wọlé ní aago mẹ́wàá á rò pé ẹnì kan ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn òun, á rọra pa géètì dé lásán. Ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀ náà á rò bẹ́ẹ̀, títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bó bá jẹ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn, àgádágodo tó nípọn, kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan fún fúláàtì kọ̀ọ̀kan àti gílóòbù tó mọ́lẹ̀ dáadáa lẹ́nu ọ̀nà á ṣe yín lóore ju mẹ́gáàdì tí ẹ ò múra sílẹ̀ fún lọ. Bí géètì bá wà ní títì, tí wọ́n sì fo ògiri wọlé, a jẹ́ pé ẹ nílò ojú tó ń ríran lóru lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ New York kúrò nílẹ̀. Òótọ́ ni àbúrò yín sọ. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ilé gíga ní Manhattan, ọkùnrin kan wà tó wọ kóòtù, tó dé fìlà. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn, òun ló ń gba ẹrù tí wọ́n fi ránṣẹ́, òun ló ń fi tẹlifóònù inú ilé pe ayálégbé pé àlejò yín ti dé, òun náà ló ń dá takisí dúró fún àgbàlagbà nígbà òjò. Ohun tí kò hàn sójú ni pé gbogbo iṣẹ́ yìí wà nínú ìwé àdéhùn. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní 32BJ ló ń bá àwọn onílé dúnàádúrà lórí owó oṣù wọn, ìsinmi wọn, ìtọ́jú ara wọn àti owó ìfẹ̀yìntì. Nígbà tí ẹnu ò kò lọ́dún 1991, wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 12, làwọn olówó bá ń gbé pàǹtírí wọn sọ̀kalẹ̀ fúnra wọn. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ omi àti iná ṣe nínú ilé náà kì í ṣe òun, ẹlòmíràn ni, ọ̀tọ̀ ni owó tiẹ̀. Bí ọdún bá sì ń parí lọ, ayálégbé kọ̀ọ̀kan á fi owó sínú àpò ìwé fún un. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà mìíràn, bọ́tìnì tí àlejò yóò tẹ̀ ló wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ọkùnrin kankan níbẹ̀. Yunifọ́ọ̀mù tí àbúrò yín rí ló kẹ́yìn nínú nǹkan tí ilé yẹn ń san owó lé lórí.

Bí ibi kan ṣe ń rí i, ibòmíràn kì í rí i bẹ́ẹ̀. Ní Paris, ẹni tí wọ́n ń pè ní gardien ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ nínú ilé náà gan-an. Òun ló ń nu àtẹ̀gùn, tó ń gbé àpótí ìdọ̀tí síta, tó ń pín lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti Portugal wá. Ní Cairo, ní ilẹ̀ Íjíbítì, bawwab lorúkọ rẹ̀, láti apá gúúsù orílẹ̀-èdè wọn ni ọ̀pọ̀ wọn sì ti ń wá. Tòun tìyàwó tọmọ ló ń gbé ìsàlẹ̀ ilé, kò sí ẹni tí kì í rán an níṣẹ́, kò sì sí ẹni tí kì í bẹ̀rù ẹnu rẹ̀, torí ó mọ ẹni tó wọlé lálẹ́ àná.

Tiwa ńkọ́? Mẹ́gáàdì fúnra rẹ̀, ẹnu Haúsá la ti gbà á: *mai* ni "oní", *gadi* sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣọ́ tí àwọn náà mú láti inú Gẹ̀ẹ́sì. Kó tó di pé a gba orúkọ yìí, odi yí ìlú wa ká, oníbodè sì wà lẹ́nu ibodè tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń gbẹ́rù kọjá. Ìlú ló ń ṣọ́, kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni. Nínú agbo ilé, àgbà tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń ṣọ́nà. Bàbá tàbí ìyá yẹn á bi àlejò pé, "Ọmọ ta ni ẹ́? Ta lò ń wá?" Inú kì í bí àlejò, torí ẹni tó bi í léèrè jù ú lọ, ó sì lẹ́tọ̀ọ́. Mẹ́gáàdì ti yí ètò yẹn po. Ìbéèrè kan náà ni, àmọ́ ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré, tí a ń sanwó fún, ló ń bi àgbà. Ohun tó ń dun àwọn ará Iléṣà yín nìyẹn, mo sì rò pé wọ́n jàre díẹ̀. Ará Èkó ní tirẹ̀ ti pẹ́ lẹ́yìn géètì ẹ̀sítéètì. Bí kò bá rí ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà, àyà rẹ̀ á máa já. (Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀ o. Ìjẹ̀ṣà òṣómàálò kì í san owó ohun tí kò yé e. Ẹ má pè é ní ahun, ìṣirò ló fẹ́ rí.)

Ọ̀nà tí mẹ́gáàdì ń gbà sọ̀rọ̀ lè tán ìdajì ìjà yìí. Ẹ wò ó: ìyá àgbà kan sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Iléṣà ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, iṣu márùn-ún wà nínú àpò, adìyẹ kan wà ní abíyá. Mẹ́gáàdì ò dìde lórí àga. Ó ní, "Ta lẹ fẹ́ rí?" Ìyá ti bínú ná kó tó la ẹnu. Ẹ kọ́ ọkùnrin náà pé kó dìde, kó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà, ẹ kú ìrìn," kó gba àpò iṣu lọ́wọ́ wọn, lẹ́yìn náà kó wá ní, "Ta ni kí n lọ sọ fún pé ìyá ti dé?" Ó ti mọ orúkọ ẹni tí wọ́n ń wá, ìyá náà sì ti ṣàdúrà fún un. Bí kò bá gbọ́ Yorùbá púpọ̀, gbólóhùn mẹ́ta yìí péré ni kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kọ́ ọ. Kí àwọn ayálégbé náà pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. "Àbókí" kò burú, ọ̀rẹ́ ló túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń fi pe ọkùnrin tó ti bímọ mẹ́rin, ohùn ọ̀rẹ́ kọ́ ló wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà ní Ifẹ̀ tí a kì í fẹ́ là jáde. Ìjà tó wáyé láàárín Yorùbá àti Haúsá ní Sábó, àdúgbò àwọn Haúsá, ní oṣù kẹta ọdún 2017 mú ẹ̀mí lọ. Títí dòní, àwọn ayálégbé kan ń bẹ̀rù Haúsá lẹ́nu géètì, Haúsá mìíràn náà sì ń bẹ̀rù láti dá sùn láàárín àwọn tí kò mọ̀. Ní tèmi, kì í ṣe ẹ̀yà ni kí ẹ fi yan èèyàn, onídùúró ni kí ẹ wò. Ẹ gba onídùúró méjì, kí ó kéré tán ọ̀kan jẹ́ ẹni tó nílé tàbí ṣọ́ọ̀bù tí kò ṣeé gbé sá lọ nínú Ifẹ̀. Ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín lọ́sàn-án gangan, kí ẹ rí i pé wọ́n mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé NIN rẹ̀, fọ́tò méjì, àti nọ́ńbà ìyàwó tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ pe ilé tó ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, ẹ má kàn béèrè bóyá ó dára, ẹ bi wọ́n pé, "Bó bá padà wá lónìí, ṣé ẹ ó tún gbà á?" Bí wọ́n bá dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn, ẹ ti gbọ́ èsì yín. Bó bá jẹ́ ọmọ Sábó, àwọn àgbà ibẹ̀ mọ ọmọ ẹni tó jẹ́, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ó kan owó. Ojú ẹnì kan ò lè là tọ̀sán-tòru, ẹ má tan ara yín jẹ. Ohun tí mo rò pé ó bá ilé yín mu ni ẹnì kan tí yóò máa ṣọ́ láti aago méje alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀, òru mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹlòmíràn sì máa gba òru keje ṣe. Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ, tí wọ́n gbé dé 70,000 náírà ní oṣù keje ọdún 2024, kò de ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, nítorí náà kò sí ẹni tó máa fà yín lọ sílé ẹjọ́ tí ẹ bá san kéré sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba 30,000 gbọ́dọ̀ wá owó mìíràn kún un, òru yín ni yóò sì fi san án. Ẹ jẹ́ ká fi 70,000 ṣe òṣùwọ̀n. Ẹni tó ń dí àyè, 2,700 lóru kan, òru mẹ́rin lóṣù, 10,800 nìyẹn. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì, ìwé, ọṣẹ àti gílóòbù, ẹ fi 5,200 sí i. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 86,000. Bí ẹ bá pín in sí mẹ́jọ, 10,750 ni fúláàtì kọ̀ọ̀kan yóò máa dá lóṣù. Bí ẹ bá fẹ́ èèyàn méjì, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan lóru, á di 166,800, ìyẹn 20,850 lórí fúláàtì kan. Kí ará báńkì rí iye méjèèjì kó tó tún sọ̀rọ̀.

Ẹ ò lè dédé fi owó yìí lé àwọn ará Iléṣà lórí nígbà tí owó ilé wọn kò tíì parí. Ohun tí wọ́n fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n kó wọlé ló de àwọn àti ẹ̀yin. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ tún owó ilé san ni kí ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn tuntun, kí ó dá dúró lọ́tọ̀ sí owó ilé. Títí di ìgbà náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ilé ni kí ẹ gbé ìpín àwọn méjèèjì, 21,500 lóṣù. Ó dùn-ún gbọ́ létí bí? Rárá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dà á lé àwọn mẹ́fà yòókù, á di 14,333 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fojú burúkú wo ara wọn lórí àtẹ̀gùn.

Ọjọ́ kan náà ni kí owó rẹ̀ máa wọlé lóṣooṣù, sínú àkáǹtì tirẹ̀, kí ẹ̀rí sì wà. Bí owó bá pẹ́, ẹ ó mọ̀ láti ẹnu géètì: "Ẹ kú òpin ọ̀sẹ̀ o, ọ̀gá mi" á pọ̀ sí i, géètì á sì tètè ṣí fún ẹni tó bá fi nǹkan sí i lọ́wọ́. Ẹ fi oṣù mẹ́ta dán an wò, kí ẹ kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ sórí ìwé kan ṣoṣo. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa fi ìkìlọ̀ sílẹ̀ kí a tó dá ẹni dúró: ọjọ́ kan bí kò bá ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan bó bá wà láàárín oṣù mẹ́ta sí ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì títí dé ọdún márùn-ún, oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ tẹ̀ lé e. Ẹni tí wọ́n lé lóru tìbínú-tìbínú mọ ibi tí ògiri yín ti kúrú.

Ilé-iṣẹ́ tó ń kó ẹ̀ṣọ́ fúnni wà, òfin ọdún 1986 ló ń darí wọn, Sífù Difẹ́ńsì sì ń ṣọ́ wọn. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ wọn hàn yín, kí ẹ sì rántí pé kò sí àyè ìbọn fún ẹ̀ṣọ́ wọn. Bí ẹnì kan bá ṣàìsàn, wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó dára bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì máa ń pààrọ̀ ojú. Ẹni tuntun ò mọ ìyá oníṣu, kò mọ mọ́tò olùkọ́. Owó tí ẹ san náà kọ́ ni yóò dé ọwọ́ ẹni tó ń ṣọ́ òru. Fún ilé onífúláàtì mẹ́jọ ní Parákin, mi ò rí ìdí rẹ̀.

Yàrá ẹnu géètì ló ń sọni di ọlọ́dẹ tàbí olóorun. Fífẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, gígùn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ó tó. Kí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí géètì, kí ó wà ní ìwọ̀n ojú ẹni tó jókòó, kí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà lójú rẹ̀, kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ má jìnnà. Ẹ má gbé bẹ́ẹ̀dì sínú rẹ̀ bí kò bá jẹ́ pé ibẹ̀ náà ló ń gbé. Àga líle ni kí ẹ fún un. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni iná. Wọ́n á so gílóòbù sókè orí mẹ́gáàdì, á wá jókòó sínú ìmọ́lẹ̀ bí ẹran lórí àtẹ, ẹni tó wà nínú òkùnkùn ń wò ó, òun ò sì rí ẹnikẹ́ni. Ìta ni kí ìmọ́lẹ̀ kọjú sí, kí òun wà nínú òkùnkùn. Ẹ gé ilẹ̀kùn kékeré sí ara géètì ńlá, kó má jẹ́ pé torí ẹlẹ́sẹ̀ kan, gbogbo géètì á ṣí gbayawu. Fèrè, tọ́ọ̀ṣì tó ń gba iná sára, fóònù tó ní owó nínú, àti nọ́ńbà àgọ́ ọlọ́pàá, ọdẹ àdúgbò àti Àmọ̀tẹ́kùn tí ẹ kọ gàdàgbà sára ògiri, àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Adigunjalè kọjá agbára rẹ̀, ẹ má sì retí pé kó dojú kọ wọ́n. Kó tètè rí wọn, kó fun fèrè, kó pè, kó sá pamọ́, ó ti ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Kò gbọdọ̀ di kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹnikẹ́ni mú, bó ti wù kí ayálégbé bẹ̀ ẹ́ tó. Ọjọ́ tí nǹkan bá sọnù, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú, bóyá ó mọwọ́ mẹsẹ̀ tàbí kò mọ̀. Bí ọlọ́kadà bá gbé ẹrù wá fún ẹni tí kò sí nílé, kí ó kọ orúkọ, aago àti fúláàtì sínú ìwé, kí ẹni tó ni ín fọwọ́ sí i nígbà tó bá ń gbà á. Apá iṣẹ́ New York tó ṣeé mú wá síbí nìyẹn, ó sì lè tẹ́ àbúrò yín lọ́rùn. Ọkọ̀ fífọ̀? Bó bá jí lọ́sàn-án tó sì fẹ́ ṣe é, àárín òun àti ẹni tó ni mọ́tò nìyẹn, owó ọ̀tọ̀ ni, kì í sì í ṣe kó tó sùn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Wọ́n ń kàwé mọ́jú nínú ọgbà Yunifásítì, wọ́n lè wọlé ní aago márùn-ún ìdájí, nítorí náà òfin pé géètì ò ní ṣí lẹ́yìn aago mẹ́wàá á dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kí géètì wà ní títì, kó máa ṣí fún ẹni tó ń gbé ibẹ̀ nígbàkígbà. Ẹ̀yin náà, mà, ẹ má fi ọkùnrin yìí ṣe amí. Bí ẹ bá bi í lẹ́ẹ̀kan pé ta ló sùn sọ́dọ̀ ọmọbìnrin tó wà lókè, gbogbo ilé á gbọ́ kó tó di ọjọ́ kejì, àwọn ará Iléṣà á sì ti borí yín nínú àríyànjiyàn. Ìwé tí yóò máa kọ orúkọ àlejò sí wà fún ọjọ́ tí nǹkan bá sọnù. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹ dáná sun ojú ewé tó ti pé.

Lẹ́tà yín ò lè fi hàn mí bóyá ẹ̀tanú ló wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn ará Iléṣà tàbí owó ló há. Ẹ pe gbogbo fúláàtì jọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, kí ẹ ka iṣẹ́ ọkùnrin náà sí wọn létí láti orí ìwé, kí ẹ fi ìṣirò hàn wọ́n. Ìwé owó náà, ẹ gbé e fún ọ̀kan nínú àwọn ará Iléṣà yẹn kó máa dì í mú, kó máa sọ fún gbogbo yín lóṣooṣù ibi tí náírà kọ̀ọ̀kan gbà.